Ohun Tí Ọ̀gágun Gbé Dání

Okùn ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ fà jáde nínú báàgì aláboyún náà. Ó fà á títí, okùn náà kò tán, ó wá ń ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ sá aṣọ. Nígbà tó tán, ó gbé e ka orí tábìlì.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí dè?" ó béèrè.

Aránṣọ tó ni báàgì náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, ó ń rọra mí bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn aláboyún níbẹ̀. Ìrọbí ti mú un láti àárọ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo okùn náà bí ẹni pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i.

Ní ilé ìwòsàn yẹn, aláboyún kì í dé orí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó tú báàgì rẹ̀ wò. Gbogbo ohun tí ìyá àti ọmọ máa lò, láti ilé ni wọ́n ti ń gbé e wá: aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, páàdì, ọṣẹ, aṣọ ọmọ, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì á máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa dárúkọ rẹ̀ sókè, àwọn tó jókòó nítòsí á sì máa na ọrùn wò ó. Àwọn obìnrin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀lù gidi fi ń yá ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kó tó wá.

Lẹ́yìn okùn, nọ́ọ̀sì mú ẹja inú agolo. Ó mú bisikíìtì. Ó mú ìṣáná, ọ̀bẹ kékeré kan, tọ́ọ̀ṣì, àti ìrọ̀rí tí wọ́n ká, tí wọ́n fi rọ́bà dì. Kòròbá tó ṣófo ni wọ́n so mọ́ ìdí báàgì náà níta. Nọ́ọ̀sì tú ìyẹn náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó wo tábìlì, ó wo ikùn aránṣọ, ó tún wo tábìlì.

"Màmá," ó ní, "ṣé ìbímọ lẹ bá wá, àbí ẹ̀ ń lọ ṣọdẹ?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní aṣọ ọmọ dà.

"Ó wà níbẹ̀," aránṣọ sọ. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n. Èérún bisikíìtì ló dà sílẹ̀. Aránṣọ wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì bi í pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ kó aṣọ ọmọ sí?"

"Ó wà nílé," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Kò sóhun tó ṣe é. Inú wọ́dírọ́ọ̀bù ni mo kó o sí, mo sì tì í pa."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n kí i kú iṣẹ́.

Ó dáa kéèyàn mọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́, kó tó di pé wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ló ń gé, ìwé ló ń lẹ̀. Kì í pẹ́ débi iṣẹ́, kì í tètè kúrò, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ bi í pé kí lo rò sí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n tó bá ti délé, tó bọ́ bàtà, tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó mú ohun ìdarí géèmù lọ́wọ́, ó di Ọ̀gágun. Orúkọ tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù ń pè é nìyẹn. Wọn kò rí i rí. Wọn kò mọ̀ pé ìyàwó Ọ̀gágun ló ń bá a wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kejì láràárọ̀.

Géèmù náà, bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ inú igbó ni. Wọ́n á jù ọ́ sí ilẹ̀ tí kò séèyàn, lọ́wọ́ òfìfo. Wàá gé igi, wàá gbẹ́ òkúta, wàá kọ́lé, tílẹ̀ bá sì ṣú, àwọn ẹ̀dá burúkú á jáde wá máa lé ọ kiri. Gbogbo ohun tó o bá rí, inú àpò tó wà lẹ́yìn rẹ lò ń kó o sí, àpò náà kì í sì í gba púpọ̀. Tó o bá kú, ohun tó wà nínú àpò á dà sílẹ̀ níbi tó o kú sí, ìwọ á sì jí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ nílé, láìní nǹkan lọ́wọ́, láìní ọgbẹ́ lára. Ọ̀gágun ti kú níbẹ̀ débi pé ikú ti di ohun yẹpẹrẹ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpò yìí gan-an ló sọ ọ́ di ẹni ńlá láàárín wọn. Ó máa ń ṣe fídíò, ó máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dání tí wọ́n bá ń jáde nílé. Ohùn tó fi ń sọ ọ́, ohùn tí aránṣọ kò gbọ́ rí níbi oúnjẹ ni. Ẹ má jáde láìsí okùn, ẹ ò mọ ihò tí ẹ máa já sí. Ẹ má jáde láìsí iná. Ẹ gbé kòròbá, nítorí omi ló ń pa iná òkúta yíyọ́ tó bá ń ṣàn bọ̀. Ẹ gbé ohun tí ẹ máa sùn lé, torí ibi tí ẹ bá sùn sí lẹ ó ti jí. Ẹ gbé oúnjẹ tí kì í bàjẹ́. Ó wá máa ń fi èyí tó ṣe pàtàkì jù kádìí ẹ̀: ohun tí ẹ ò bá fẹ́ pàdánù, ẹ má gbé e jáde, ẹ fi í sínú àpótí nílé, kí ẹ tì í pa. Àwọn àjèjì á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n á ní Ọ̀gágun, ẹ gba ẹ̀mí wa là.

Ọkùnrin yìí kan náà ni ìyàwó rẹ̀ rán lọ ra òwú dúdú nígbà tí oníbàárà jókòó tì í, tó lọ, tó dé, tó ní òun gbàgbé owó sílé. Òun náà ló sin ìyàwó rẹ̀ wá síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí òjò ṣú, tí kò mú agbòjò. Bí ìyàwó bá sọ̀rọ̀, á ní má bínú, á sì padà sínú igbó rẹ̀ tí kò sí òjò tó ń pa á.

Aránṣọ kì í ṣe aláròyé. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ níwájú ilé, ó ní àwọn oníbàárà tí kì í fi í sílẹ̀, ó sì ti bá ọkọ rẹ̀ gbé pẹ́ débi pé ó mọ ohun tí kò yẹ kó máa retí. Ṣùgbọ́n báàgì yẹn yàtọ̀. Fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ inú rẹ̀. Ojú rírán gbogbo aṣọ náà, ìta ló kọ ọ́ sí, kó má baà ha ọmọ tuntun lára. Fìlà ibẹ̀, ọwọ́ ló fi rán an, kò gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ rárá.

Èyí sì kọ́ ni báàgì àkọ́kọ́. Ti ìṣáájú, bí wọ́n ṣe gbé e lọ ni wọ́n ṣe gbé e bọ̀, láìsí ọmọ. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì tú u wò, kò sẹ́ni tó tún ṣí síìpù rẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ níwájú aránṣọ, á bá ẹ̀yìn rẹ̀ pàdé.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tó ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé tí ọkọ rẹ̀ ní òun ti bá a tún báàgì náà tò dáadáa, inú rẹ̀ dùn, kò lè pa á mọ́ra. Kò tiẹ̀ ṣí i wò. Ó gbé e, ó wúwo, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù, ó ní ṣebí ẹ máa ń sọ pé ọkùnrin yìí ò wúlò, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ to báàgì ọmọ. Ẹ̀gbọ́n yìí, ọkọ̀ wíwà ló fi ń kọ́ àwọn èèyàn, ó ti bá ọkùnrin tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì jókòó nínú mọ́tò títí, àánú wọn kì í ṣe é mọ́. Ó ní, "Ṣó mọ̀ pé kì í ṣe inú tẹlifíṣọ̀n lo ti fẹ́ bímọ?" Aránṣọ bínú, ó gé fóònù, ó sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yodì títí ìrọbí fi mú un.

Ẹ̀gbọ́n náà ló wọlé wá báyìí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó wo ohun tó wà níbẹ̀ láti orí okùn dé orí kòròbá. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tàn. Ó tún un tẹ̀. Ó ṣí ìdí rẹ̀, ó sì yọjú wò ó. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Bátìrì ẹ̀ dà?"

Aránṣọ mọ ibi tí bátìrì wà, ó sì dùn ún ju okùn lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, níbi tí ogun ti gbóná nínú igbó yẹn, ohun ìdarí géèmù dákẹ́. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ dìde, tó ń tú gbogbo dúrọ́ọ̀, tó padà jókòó, tí ogun sì ń lọ. Kò béèrè ibi tó ti rí bátìrì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé inú báàgì ọmọ rẹ̀ ló ti rí i.

"Ẹni tí kò lè gbé tọ́ọ̀ṣì tó máa tàn," ẹ̀gbọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé Ọ̀gágun kò sí níbẹ̀, "òun náà ni wọ́n ń pè ní ọ̀gágun." Ó wá yíjú sí i. "Ṣé mo lè mọ ìdí tó o fi kó aṣọ ọmọ jáde nínú báàgì ọmọ?"

"Ohun téèyàn ò bá fẹ́ pàdánù," ọkùnrin náà sọ, "kì í gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń rín fún àwọn tó bá fi mọ́tò kọlu ògiri. Nọ́ọ̀sì mi orí. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ gbólóhùn náà, ó ti gbọ́ ọ látinú yàrá kejì nígbà tó ń rán fìlà, ṣùgbọ́n bó ṣe jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀ yìí kì í ṣe ohùn fídíò. Ó fẹ́ bi í ní nǹkan kan. Ìrọbí gbá a mú, ó tẹ̀ síwájú, nọ́ọ̀sì sì pariwo sí ọkọ rẹ̀ pé kó lọ sílé kíákíá, kó lọ kó ohun tó yẹ kó kó wá. Ọ̀gágun kó ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì, ó yọ́ jáde. Ó gbàgbé kòròbá sórí tábìlì.

Ọmọ kò dúró dè é. Obìnrin ni, ó ké kí wọ́n tó gbé e tán, ẹkún ẹni tó ní ohun tó fẹ́ sọ. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sẹ́yìn fún aṣọ, kò sí aṣọ. Ìborùn tí ẹ̀gbọ́n dà sí èjìká ni wọ́n fi wé e, ìborùn tó ń rùn bí inú mọ́tò. Páàdì, ọ̀dọ̀ obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ti tọrọ rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì náà, títọrọ ni. Aránṣọ dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ọmọ tó ti ń fojú sọ́nà fún láti bí ọdún kan, tí wọ́n dì sínú ìborùn ẹlòmíràn, ojú tì í débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń rán aṣọ fún.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Ọ̀gágun tó dé. Báàgì náà kún débi pé síìpù kò pa dé, ó gbé ọ̀rá kan sí i, ó tún fi abíyá gbá nǹkan mọ́ra. Ó dà bíi pé wọ́dírọ́ọ̀bù nìkan ni kò rù wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"O dé," ẹ̀gbọ́n sọ. "Ọmọ ti ṣáájú ẹ dé." Ó dìde, ó ní òun ń lọ wá ohun tí ìyá ọmọ máa jẹ, àyàfi tí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ bisikíìtì ogun. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà kọjá láìwò ó.

Ọ̀gágun gbé ẹrù sílẹ̀. Ó yọjú wo ọmọ, kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sí etí àga. Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ti ìjọsí," ó ní, "èmi ni mo gbé báàgì yẹn délé. Ìwọ wà níbí, wọ́n ti fún ẹ lóògùn, ò ń sùn. Mo délé, mi ò ríbi gbé e sí. Mo gbé e sórí àpótí, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tún gbé e síta. Gbogbo ibi tí mo gbé e sí ni mo ti ń rí i. Mo wá ní tó bá tún máa jẹ́ èmi nìkan ni mo máa padà, kó má jẹ́ pé èmi àti aṣọ ọmọ ni."

Aránṣọ kò mọ èyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti jọ wà nínú ilé yẹn, kò sọ ọ́ rí, àwọn àjèjì ló ń bá jagun nínú igbó. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí ì bá mú un na ọwọ́ sí i. Ó wo ìborùn tó wà lára ọmọ rẹ̀.

"O múra sílẹ̀ de ikú wa," ó ní. "O múra dáadáa. Okùn wà níbẹ̀, ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Àwa wá yè é, a ò rí nǹkan wọ̀."

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, "ẹ" ló máa ń fi pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. "O" ló pè é lónìí, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà kò sọ pé kí ló dé, aránṣọ náà kò sì tọrọ àforíjì.

"Ibi géèmù ẹ ni wọ́n ti ń kú, tí wọ́n ń jí sórí bẹ́ẹ̀dì," ó tún sọ. "Ọmọ yìí ò ní bẹ́ẹ̀dì mìíràn tó ti máa jí. Èmi náà ò ní. Lọ fọwọ́, kó o bá mi mú aṣọ."

Ọ̀gágun lọ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi tó wà nígun yàrá. Ó padà wá, ó ṣí báàgì, ó mú aṣọ funfun kékeré kan jáde. Ó rí i pé ojú rírán rẹ̀ wà níta, ó sì ń yí i padà, ó rò pé wọ́n ṣì í ká ni.

"Bó ṣe wà nìyẹn," aránṣọ sọ. "Má yí i. Mo rán an bẹ́ẹ̀ kó má baà ha á lára."

Ọkùnrin náà wo aṣọ ọ̀hún pẹ́. Ó jọ pé kò tíì wò ó rí, bó ti wù kó kó o jáde nínú báàgì, kó tún kó o padà. Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀ jẹ́jẹ́. Aránṣọ tú ìborùn, ó wọ aṣọ fún ọmọ, ó dé e ní fìlà. Ó bá a mu rẹ́gí, yàtọ̀ sí fìlà tó ń bò ó lójú.

Nígbà tó ń wá ìbọ̀sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba tọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ báàgì. Ọkọ rẹ̀ ti gbé e padà síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ láìro ohunkóhun, ó sì tàn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bà sára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ti wà, ó rọ, kò sí ohun tó wúlò fún.

"Mo yọ ọ́ lára ohun ìdarí yẹn," Ọ̀gágun sọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ta ilé nítorí wọn. Fún un, bóyá ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tí ọmọ ti dé tán: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Aránṣọ pa iná náà. Ó tú ìdí tọ́ọ̀ṣì, ó da bátìrì méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì kì wọ́n bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó fi orí lé e. Ọ̀gágun ń wò ó. Ó jọ pé ó fẹ́ béèrè ìgbà tí òun máa rí wọn gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́n débi pé kò béèrè.

"Tí wọ́n bá ní ká máa lọ lọ́la," aránṣọ sọ, "èmi ni mo máa gbé báàgì."

"Kò sóhun tó jọ ọ́," ọkọ rẹ̀ dáhùn kíá. "Ara ẹ ò tíì yá. Èmi ni mo máa gbé e."

"Èmi ni mo máa gbé báàgì. Ìwọ lo máa gbé ọmọ jáde. Láti orí bẹ́ẹ̀dì yìí, gba iwájú tábìlì nọ́ọ̀sì yẹn, títí dé inú mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi, títí délé. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹ."

Ọkùnrin náà wo ọmọ. Ọmọ ti sùn, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń jẹ nǹkan lójú oorun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ti fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì tún un fọ̀.